Ìjàpá bàbá mi fẹ́ di ọkọ̀ oníná: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpá Volkswagen ọdún 1971 kan wà lọ́wọ́ mi, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú pátápátá. Mo mọ sípánà dì mú, èmi ni mo sì ń ṣe wáyà ilé mi fúnra mi, nítorí náà mo fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ oníná nínú gáréèjì ilé. Mo ti rí mọ́tọ̀ Nissan Leaf 80 kW kan tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ 24 kWh. Ṣé kí n rà wọ́n? Mo fẹ́ kó lè rin 300 kìlómítà kí n tó tún un ṣájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí mò ń lọ lójúmọ́ kò ju 45 kìlómítà lọ, àlọ àti àbọ̀. Ṣé màá ṣì máa lo gíà? Ìyá mi sì ní kí n bi yín bóyá aago tó ń ka eré á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bátìrì yẹn, o lè rà á tí o bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe máa sọ. Mọ́tọ̀ yẹn, má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, mọ́tọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà, torí òun ló ń dán lójú. Ọdún á yí po, mọ́tọ̀ á wà nílẹ̀, ọkọ̀ á wà lórí jáàkì, kò sì ní mọ ibi tí bátìrì máa jókòó sí. Ìwúwo ọkọ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ìwúwo ló máa sọ bátìrì tí o lè gbé, bátìrì ló sì máa sọ mọ́tọ̀ tó bá a mu. (Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: mo mọ̀ pé "mọ́tò" ni ọ̀pọ̀ wa ń pe ọkọ̀. Níhìn-ín, ọkọ̀ ni mo máa pe ọkọ̀, ẹ̀rọ tí iná ń yí ni mo máa pè ní mọ́tọ̀.)

Kí o tó tú nọ́ọ̀tì kankan, wọ́ ọkọ̀ náà lọ sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n wọn iwájú lọ́tọ̀, kí wọ́n wọn ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ìjàpá àkókò yẹn kì í sábà kúrò láàrin 800 sí 900 kìlógíráàmù tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ìwúwo tó pọ̀ jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún un nínú ìwé ọkọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù láàrin méjèèjì ni gbogbo owó tó wà lápò rẹ. Ìwọ, àwọn tó bá wọlé tì ọ́, ẹrù wọn àti bátìrì ló máa pín in. Ẹ́ńjìnnì, sàlẹ́ńsà àti táńkì tó kún fún epo tí o máa yọ kúrò á dá bíi 150 kìlógíráàmù padà fún ọ. Má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, 300 kìlómítà rẹ. Lítà epo bẹntiróòlù kan ní agbára bíi 9 kWh nínú (kWh ni a fi ń wọn iye agbára tí nǹkan gbà). Èyí túmọ̀ sí pé bátìrì Leaf tí o rí yẹn, lọ́jọ́ tó jáde tuntun nílé iṣẹ́, agbára inú rẹ̀ kò tó ti epo lítà mẹ́ta. Ohun tó ń gbà wá ni pé ẹ́ńjìnnì ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú epo di ooru lásán, mọ́tọ̀ ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fi iná ṣòfò. Ìjàpá oníná tí wọ́n bá fi pẹ̀lẹ́ wà máa ń jẹ bíi 0.16 kWh lórí kìlómítà kan. Tó bá ń sáré lójú ọ̀nà ńlá, ó máa jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí pé bó ṣe rí roboto yẹn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá.

Ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú mi. 300 kìlómítà ń fẹ́ 48 kWh tí o máa lò tán. A kì í sì í lo bátìrì gbẹ, nítorí náà sọ ọ́ di 60. Àpótí pẹlẹbẹ kéékèèké ló wà nínú bátìrì Leaf, méjìdínláàádọ́ta, ìyẹn 48. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0.5 kWh, ó sì wúwo tó 3.8 kìlógíráàmù. 60 kWh jẹ́ 120 irú àpótí bẹ́ẹ̀, ìyẹn 456 kìlógíráàmù, kí a tó ka irin tí a máa kó wọn sí. Ó ju ìdajì ọkọ̀ náà lọ! Ìjàpá inú àlọ́ ń gbé ilé rẹ̀ káàkiri, tìrẹ á máa gbé ilé àti ilé àna. Volkswagen fúnra rẹ̀ gbé Ìjàpá oníná kan jáde ní 2019 pẹ̀lú ilé iṣẹ́ eClassics: bátìrì 36.8 kWh, ìwúwo 1,280 kìlógíráàmù, 200 kìlómítà. Wọ́n ní láti fún ṣáásí rẹ̀ lókun, wọ́n sì tún bíréèkì rẹ̀ ṣe. Bí àwọn tó bí i bá dúró síbi 200, èmi àti ìwọ nínú gáréèjì kò ní fi 300 ṣe àfojúsùn.

45 kìlómítà tí ò ń rìn lójúmọ́ kò jẹ ju bíi 7.2 kWh lọ. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ká ní bátìrì àlòkù yẹn ṣì ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, tí o sì lo 42 nínú àpótí 48, o máa ní bíi 14.7 kWh. Lo ìdá 80 nínú rẹ̀, o ti rí 70 kìlómítà lé díẹ̀, 160 kìlógíráàmù sì ni gbogbo àpótí náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí o yọ kúrò dọ́gba. Ọkọ̀ tó ṣì máa rìn bí Ìjàpá nìyẹn. Èyí ni mo máa ṣe tó bá jẹ́ tèmi.

Ṣùgbọ́n bátìrì àlòkù kì í ṣe ohun tí à ń rà lójú lásán. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: mo máa ń tẹ́ àwọn àpótí náà sórí tábìlì onípákó, máa fi máákà kọ nọ́ńbà sára wọn láti 1 dé 48, máa ṣájì gbogbo wọn dé ojú kan náà, máa sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa gbé mítà. Àpótí Leaf kọ̀ọ̀kan ní orí mẹ́ta, ti àárín wà níbẹ̀ kí o lè wọn ìdajì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà kan, mò ń ka fóòtì wọn lọ: 7.91, 7.91, 7.90, 7.91, títí mo fi dé nọ́ńbà 31. 7.62. Mo wọn ìdajì rẹ̀: 3.95 lápá kan, 3.67 lápá kejì. Ìdajì kan ń jo iná níkọ̀kọ̀. Ká ní mo ti so ó mọ́ àwọn yòókù ni, òun ni ì bá máa pàṣẹ fún gbogbo ọkọ̀, torí tí sẹ́ẹ̀lì kan (bátìrì kékeré inú àpótí) bá ti gbẹ nínú ìlà, ìlà yẹn ti tán, bí àwọn tó kù tilẹ̀ kún. Èyí tó bá yege ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, gbé iṣẹ́ fún un: so ohun tó ń jẹ iná gan-an mọ́ ọn, kí o wo èyí tí fóòtì rẹ̀ máa já wálẹ̀ kánkán ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àpótí mẹ́fà tó ṣẹ́kù nínú 48 rẹ, àwọn aláìlera yìí ni kí o fi pa mọ́ síbẹ̀.

Bí o ṣe máa tò wọ́n: so mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́ (pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù), kí o wá so ìdìpọ̀ 14 tẹ̀lé ara wọn (pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gátíìfù èkejì). O máa rí bíi fóòtì 106 (106 V). Kí o tó so mẹ́ta pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́, rí i dájú pé fóòtì wọn dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó kún á da iná lu èyí tí kò kún, wáyà á sì pọ́n. Àwọn àpótí yìí tún ń fẹ́ kí á há wọn mọ́ra láàrin irin méjì tó le, torí sẹ́ẹ̀lì inú wọn máa ń wú. Lẹ́yìn náà ni BMS, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ pé kí ṣájà dúró tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kún. Mo ti rí àwọn tó ní àwọn á máa fi mítà ṣọ́ ọ fúnra wọn. Oorun á gbé èèyàn lọ lóru ọjọ́ kan.

Ibi tí bátìrì máa wà: abẹ́ àga ẹ̀yìn, àti ibi tí táńkì epo wà níwájú. Má kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀yìn Ìjàpá ti wúwo tẹ́lẹ̀. Kí o tó pe wẹ́dà, fi páálí gé àpótí 42 tó bá àpótí gidi dọ́gba, kí o tò wọ́n sínú ọkọ̀. Páálí kò wọ́n, irin wọ́n. Gbé àga lé e, jókòó, ti ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni wàá ti mọ̀ pé ó ku ìka méjì kí ó wọlé.

Àwọn tó bá Ìjàpá ṣeré pẹ́ mọ ìtàn abẹ́ àga ẹ̀yìn yẹn. Ibẹ̀ ni bátìrì 12 V rẹ̀ máa ń wà. Ìdérí rẹ̀ á sọnù, ẹni tó sanra á jókòó, sípíríìn àga á kan orí bátìrì, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ onítọ̀hún. Bátìrì kékeré lásán nìyẹn o. Nítorí náà, àpótí irin tó ní ìdérí tó dè mọ́ ṣáásí pẹ̀lú bóòtì ni mò ń sọ, kì í ṣe pákó, kì í ṣe okùn. Ásíìdì bátìrì àtijọ́ náà sì máa ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀: mú sukurudíráfà, gún irin ilẹ̀ náà káàkiri. Ibi tó bá wọlé, gé e kúrò, kí pánẹ́bítà fi irin tuntun sí i kí o tó gbé ohunkóhun lé e.

O ní o ń ṣe wáyà ilé. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, má bínú. Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń kọjá lórí òdo ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí o bá pa súìṣì, iná tó ń fò láàrin irin méjì á rí àyè kú. Iná bátìrì kì í kọjá lórí òdo. Tí o bá fà á já nígbà tó ń ṣiṣẹ́, á máa jó lọ láàrin irin méjì bí iná wẹ́dà. Súìṣì àti fíúùsì ilé kò lè dá a dúró. Èyí tí wọ́n kọ DC (ìyẹn irú iná bátìrì) àti fóòtì tìrẹ sí lára nìkan ni kí o lò. Ìlànà àgbáyé R100 ti UNECE, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ àjọ UN, ka ohunkóhun tó bá ju 60 V lọ lórí iná bátìrì sí iná ńlá. 106 V rẹ ti kọjá ibẹ̀. Kò sì sí súìṣì tó ń pa bátìrì fúnra rẹ̀: bí o bá yọ fíúùsì, iná ṣì wà lórí rẹ̀.

Bọ́ òrùka, bọ́ aago ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n kọ Class 0 sí lára ni kí o wọ̀, tí awọ sì bò ó lókè. Fi téépù wé ọrùn sípánà, kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Fi àlàfo sáàárín bátìrì, ìyẹn ni pé kí o má so ìdìpọ̀ méjì tó kẹ́yìn pọ̀ títí iṣẹ́ yòókù á fi parí. Má dá nìkan wà lọ́jọ́ tí o máa so wọ́n. Ní ti ọjọ́ yẹn, tó o bá lè rí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ oníná rí kó dúró tì ọ́, san owó iṣẹ́ fún un. Àwọ̀ ọsàn ni wáyà iná ńlá máa ń jẹ́, kí ẹni tó bá máa gé ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ jàǹbá lè mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fi ayùn kàn.

Ohun kan wà tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń fò. Inú kọntiróla, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún mọ́tọ̀, ni kapásítọ̀ ńlá kan wà tó ń gbẹ iná mu bí ilẹ̀ ọ̀dá. Tí kọ́ńtákítọ̀, súìṣì ńlá tí kọ́kọ́rọ́ ń darí, bá kàn so iná bátìrì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, iná á rọ́ wọlé, ojú kọ́ńtákítọ̀ á yọ́, á sì lẹ̀ pọ̀. Láti ọjọ́ náà, o yí kọ́kọ́rọ́ pa, ọkọ̀ kò pa. Ó ti ṣe mí rí: mo gbọ́ "tọ́ọ̀" kan tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo rò pé ó dára ni, àfìgbà tí mo yọ kọ́kọ́rọ́ tí mítà ṣì ń ka fóòtì kíkún. Rẹsísítọ̀ kan tó máa kọ́kọ́ jẹ́ kí iná wọlé díẹ̀díẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń dènà rẹ̀, kò sì wọ́n rárá.

Ó ku mọ́tọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o fi ti Leaf sílẹ̀ pọ̀. Bíi 360 V ló ń fẹ́, ìdìpọ̀ 14 rẹ kò lè dé ibẹ̀. Omi ló ń tù ú, ọkọ̀ tí kò mu omi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i yóò wá máa wá rádíétọ̀. Ó lè yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá kò mọ̀ ju bíi 4,500 lọ. Agbára ìyípo rẹ̀ tó 280 Nm, ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò ju bíi 110 lọ, eyín gíà ló máa san án. Ínfátà rẹ̀ kò sì ní yí tí kò bá gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ Leaf, àyàfi tí o bá fi pátákó mìíràn rọ́pò ọpọlọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe é, ó sì dára, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣe ti àkọ́kọ́. Wá mọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe fún nǹkan bíi 100 V, tí afẹ́fẹ́ ń tù, irú HyPer 9 ti ilé iṣẹ́ NetGain. Tí o bá gbé e wọlé, dín agbára rẹ̀ kù nínú ètò kọntiróla kí gíábọ́ọ̀sì lè pẹ́.

Má sì tíì ta ẹ́ńjìnnì tó kú yẹn fún àwọn onírin. Òun ni ìwé ìwọ̀n rẹ. Láti ojú ibi tó ti kan gíábọ́ọ̀sì dé ojú fúláíwíìlì rẹ̀ (àwo irin tó wúwo tí kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́) jìn tó iye kan. Iye yẹn gan-an ni irin ìsopọ̀ mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ ní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kílọ́ọ̀ṣì kò ní tú sílẹ̀ tàbí kò ní mú. Imú ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì náà ń jókòó sínú bẹ́rín kékeré kan ní àárín fúláíwíìlì. Bẹ́rín yẹn gbọ́dọ̀ wà ní àárín gangan. Irin ìsopọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gé, mo fi ojú àti rúlà ṣe é, ó yẹ̀ bíi 0.4 mílímítà. Ní gíà kejì, kò sí wàhálà. Ní gíà kẹta, tí eré bá ti pé 60, ọkọ̀ á máa kùn bí ẹni tó ń lọ ata lórí ọlọ. Mo ní yóò mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eyín àárín kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán, mo rí eérú irin bí ìyẹ̀fun nínú ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgérin tó péye ni mò ń gbé e fún, mo sì ń fi aago alábẹ́rẹ́ wọn bó ṣe ń yí: tó bá ju 0.05 mílímítà lọ, mo dá a padà.

Bíréèkì, tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí ọkọ̀ tó fi agbára iná rìn mítà kan. Ìjàpá kì í lo afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì láti ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ tẹ bíréèkì, nítorí náà ìyẹn kò ní dà ọ́ láàmú. Mọ́tọ̀ lè máa dá iná padà sínú bátìrì tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, àmọ́ jẹ́ kó kéré: táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, lórí ilẹ̀ tó tutù ìdí ọkọ̀ lè yọ̀ lọ. Tí bátìrì bá sì kún, kò ní gba ohunkóhun padà, bíréèkì gidi nìkan ló kù.

Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí o wà kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí òfin kò dọ́gba. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìlànà kan jáde fún irú ìyípadà yìí. FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́, kò ka ọkọ̀ tí wọ́n bá yí báyìí sí ọkọ̀ ìtàn mọ́, wọ́n sì gbà wá níyànjú pé kí ohun tí a bá ṣe ṣeé tú padà. Mo fara mọ́ wọn níbi ìtúpadà. Má gé ara ọkọ̀ bàbá rẹ, bóòtì ni kí o máa lò, kí o sì fi ọ́ìlì kun ẹ́ńjìnnì náà kí o tó tọ́jú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, wàá ṣì lo gíà, ṣùgbọ́n kò ní pọ̀. Gíà kejì fún àárín ìlú, ìkẹta tàbí ìkẹrin fún ọ̀nà tó já geere, gíà ẹ̀yìn fún ẹ̀yìn. Tí o bá dúró, mọ́tọ̀ náà dúró, kò sí pé ó ń kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Kí ìyá má ṣe ìyọnu. Wáyà aago eré Ìjàpá ti inú táyà iwájú apá òsì wá, kò bá ẹ́ńjìnnì ṣe rárá. Aago epo ni kò ní rí nǹkan kà mọ́, àfi tí o bá fi pátákó kékeré kan bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ BMS. Mo ti ṣe é fún ẹnì kan, abẹ́rẹ́ náà ń lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tó ń mu epo.